Hítà Tírélà Tí Kò Mú Ooru Wá Lásìkò Òtútù

Òtútù tí ń mú lórí òpópónà I-94, tí ó gba Montana, North Dakota àti Minnesota kọjá ní àríwá Amẹ́ríkà, kì í ṣe ẹgbẹ́ ọyẹ́ tí ilẹ̀ Yorùbá mọ̀, nítorí pé ọyẹ́ a máa bó ètè, a sì máa la ẹsẹ̀ ènìyàn, ṣùgbọ́n kì í mú kí omi inú garawa dì. Ní ìlú Tower ní ìpínlẹ̀ Minnesota, ní ọjọ́ 2 oṣù Èrèlé ọdún 1996, òtútù lọ sí ìwọ̀n 51 lábẹ́ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius, irú rẹ̀ sì ti ṣẹlẹ̀ rí ní Parshall ní North Dakota ní ọdún 1936. Ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni àwọn awakọ̀ tírélà, tí àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n ṣí lọ sí Amẹ́ríkà àti Kánádà wà láàárín wọn, ti ń kó ẹrù lọ tí wọ́n sì ń kó ẹrù bọ̀ láti oṣù Bélú títí di oṣù Ẹrẹ́nà, nítorí náà hítà, ìyẹn ohun èlò tí ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sí iyàrá awakọ̀, kì í ṣe ohun afẹ́ lójú wọn. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà pàápàá kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré, nítorí ó sọ ọ́ di dandan pé kí ọkọ̀ akẹ́rù tí ó ní gíláàsì iwájú ní ohun èlò tí yóò máa mú ìkúùkù àti yìnyín kúrò lára gíláàsì náà, hítà yìí kan náà ni ó sì ń pèsè ooru tí a fi ń ṣe é. Bí agbára hítà bá dínkù, awakọ̀ lè má rí ọ̀nà mọ́ kí òtútù tó bẹ̀rẹ̀ sí í dá ọwọ́ rẹ̀ lóró.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà ni pé wọ́n gbà pé hítà ní iná tirẹ̀ bí i sítóòfù, tí ó fi jẹ́ pé bí kò bá ti gbóná, abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù ni wọ́n ń kọ́kọ́ tú. Hítà ọkọ̀ kò dá iná kankan. Ooru àjẹkù ẹ́ńjìnnì ni ó ń yá lò. Nínú gbogbo agbára tí ó wà nínú dísẹ̀lì tí ẹ́ńjìnnì tírélà ìgbàlódé ń jó, díẹ̀ ni ohun tí ń di ipá tí ń yí táyà fi lé ní ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún, àní nígbà tí gbogbo nǹkan bá ń lọ déédéé, ìyókù a sì di ooru tí ń bá èéfín jáde tàbí tí omi ẹ́ńjìnnì ń gbé lọ sí rédíétọ̀ láti sọnù sínú afẹ́fẹ́. Díẹ̀ nínú èyí tí ì bá sọnù yìí ni hítà ń gbà. Èyí ni ó fi jẹ́ pé hítà tí kò gbóná jẹ́ ìròyìn nípa ẹ́ńjìnnì kí ó tó jẹ́ ìròyìn nípa hítà fúnra rẹ̀, ẹni tí ó bá sì fẹ́ rí àbùkù náà kíákíá ní láti tọ ipa ooru láti ìdí ẹ́ńjìnnì wá sí inú ọkọ̀, kí ó má ṣe ti inú ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ipa náà kò ṣòro láti mọ̀. Pọ́ǹpù omi, tí bẹ́líìtì tàbí jíà ń yí, ń ti omi ẹ́ńjìnnì, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní kúláǹtì, gba inú ihò tí ó yí àwọn sílíńdà ká kọjá, níbi tí omi náà ti ń gba ooru sára. Láti ibẹ̀, ọ̀nà méjì ni ó wà fún un. Èyí tí ó tóbi lọ sí rédíétọ̀ iwájú ọkọ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn kan wà lẹ́nu rẹ̀ tí a ń pè ní tẹ́mọ́sítáàtì. Èyí tí ó kéré gba ọ̀pá rọ́bà tín-ín-rín lọ sí rédíétọ̀ kékeré kan tí ó wà lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, ó sì tún padà sí ẹ́ńjìnnì. Rédíétọ̀ kékeré yìí gan-an ni ọkàn hítà. Fáànù iná kan ń fẹ́ atẹ́gùn gba àárín àwọn ewé irin rẹ̀ kọjá, atẹ́gùn náà a sì gba ooru, a sì tú sí ẹsẹ̀, sí àyà tàbí sí gíláàsì iwájú, bí awakọ̀ bá ṣe yí bọ́tìnnì sí. Ọ̀nà kékeré náà kò dúró de tẹ́mọ́sítáàtì kí ó tó ṣí, nítorí náà hítà ní ẹ̀tọ́ sí omi gbígbóná ṣáájú rédíétọ̀ ńlá.

Tẹ́mọ́sítáàtì ni ó yẹ kí ọ̀rọ̀ pẹ́ lé lórí jù lọ, nítorí pé òun ni ó jẹ̀bi nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹjọ́ òtútù tí ó wà láàárín awakọ̀ àti hítà. Ohun kékeré ni, irin ni wọ́n sì fi ṣe é. Ìda wà nínú ikùn rẹ̀, tí ó máa ń wú nígbà tí ó bá yọ́, wíwú rẹ̀ ni ó sì ń ṣí ilẹ̀kùn náà sílẹ̀ ní nǹkan bí ìwọ̀n 82 sí 90, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ṣe ẹ́ńjìnnì bá ti yàn án. Bí omi bá tutù díẹ̀, ìda a súnkì, sípíríǹgì a sì pa ilẹ̀kùn náà dé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti rí i pé ẹ́ńjìnnì kò tutù ju bí ó ti yẹ lọ, èyí tí ó jẹ́ ìdà kejì iṣẹ́ rédíétọ̀. Bí ó bá há sí ojú ṣíṣí, tàbí tí rọ́bà tí ó yí i ká bá ti jẹ, omi yóò máa gba ara rẹ̀ lọ sí rédíétọ̀ ńlá láti ìgbà tí wọ́n bá ti ta ẹ́ńjìnnì, atẹ́gùn tí ó tutù ní ìwọ̀n 30 lábẹ́ òdo yóò sì máa gba gbogbo ooru náà lójú ọ̀nà kí ó tó kan hítà.

Ní Nàìjíríà, ohun tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ń ṣe sí ọkọ̀ tí ń gbóná ju bí ó ti yẹ ni pé wọ́n ń yọ tẹ́mọ́sítáàtì rẹ̀ dànù, wọ́n sì ń da omi ẹ̀rọ lásán sí rédíétọ̀. Àṣà yìí kò dára fún ẹ́ńjìnnì níbikíbi, nítorí pé ẹ́ńjìnnì tí kò gbóná tó a máa jẹ epo, ọ́ìlì rẹ̀ kò ní í ṣàn bí ó ti yẹ, àwọn irin inú rẹ̀ yóò sì máa jẹ ara wọn. Ṣùgbọ́n ní ìlú tí ẹnikẹ́ni kì í tan hítà, ta ni yóò mọ̀? Ní Minnesota, alẹ́ ọjọ́ kan péré ti tó láti tú àṣírí rẹ̀. Ní ti omi lásán, ewu rẹ̀ tún ju èyí lọ, nítorí pé omi a máa wú tó nǹkan bí ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún nígbà tí ó bá dì, agbára wíwú náà sì pọ̀ débi pé ó lè la irin ẹ́ńjìnnì sí méjì. Awakọ̀ tí ó kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ níbi tí ooru ti jẹ́ ọ̀tá ní láti yí èrò rẹ̀ padà nígbà tí ó bá dé ibi tí òtútù ti jẹ́ ọ̀tá.

Àmì tẹ́mọ́sítáàtì tí kò padé mọ́ rọrùn láti dá mọ̀ fún ẹni tí ó bá ń wo géèjì, ìyẹn aago tí ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ti gbóná tó. Abẹ́rẹ́ géèjì náà kì í dé àárín, tàbí kí ó dé ibẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá ń fi ẹrù wúwo gun òkè, kí ó sì tún já wálẹ̀ nígbà tí ó bá ń sọ̀kalẹ̀ tàbí tí ó bá ń sáré lórí ilẹ̀ títẹ́jú láìru ẹrù. Hítà náà yóò máa tẹ̀lé e: yóò móoru lórí òkè, yóò sì tutù ní ìsàlẹ̀. Ìdánwò tí kò náni ní kọ́bọ̀ wà fún un. Bí wọ́n bá ta ẹ́ńjìnnì ní òwúrọ̀ nígbà tí ó ṣì tutù, ọ̀pá rọ́bà ńlá tí ó wà lókè, tí ó lọ sí rédíétọ̀ iwájú, ní láti wà ní tútù fún ìgbà díẹ̀, kí ó sì wá gbóná lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí tẹ́mọ́sítáàtì bá ṣí; bí ó bá ń móoru díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì láti ìbẹ̀rẹ̀, a jẹ́ pé omi ń gba ibi tí kò yẹ kọjá. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí i pẹ̀lú ojú ara rẹ̀ lè yọ tẹ́mọ́sítáàtì náà, kí ó fi okùn so ó kọ́ sínú ìkòkò omi tí ó wà lórí iná pẹ̀lú tẹ̀mómítà, kí ó sì wo ìwọ̀n tí yóò ṣí sí, nítorí pé nọ́mbà tí ó yẹ kí ó ṣí sí sábà máa ń wà lára irin rẹ̀. Kí ó rántí pé àwọn ẹ́ńjìnnì tírélà kan ní ju tẹ́mọ́sítáàtì kan lọ, àti pé ọ̀kan tí ó bá há ti tó láti sọ gbogbo wọn di asán. Ó kéré ní iye owó, nítorí náà kò bọ́gbọ́n mu láti tú iṣẹ́ náà kí a sì tún dá ògbólógbòó padà sí ibẹ̀.

Bí géèjì bá dúró síbi tí ó yẹ, tí hítà sì tutù síbẹ̀, ohun tí ó kàn ni iye kúláǹtì tí ó wà nínú ọkọ̀. Ẹ́ńjìnnì tírélà lè gba 40 lítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà lítà mélòó kan lè dínkù kí ẹnikẹ́ni tó fura. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, rédíétọ̀ kékeré inú dáṣíbọ́ọ̀dù wà ní òkè, ibi tí atẹ́gùn ń sá lọ nígbà tí omi bá kù díẹ̀, ìdí nìyí tí hítà fi máa ń jìyà kí ẹ́ńjìnnì tó mọ̀ ọ́n lára. Atẹ́gùn tí ó dúró sójú ọ̀nà omi yìí a máa dí i pa, a sì máa dún gbulugbulu lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù nígbà tí awakọ̀ bá tẹ iná. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ kúláǹtì tàbí ọ̀pá rọ́bà kan ni, ó ṣeé ṣe kí wọ́n má tíì lé atẹ́gùn jáde: wọ́n ní láti gbé iwájú ọkọ̀ sí ibi gíga, kí wọ́n ṣí hítà dé òpin, kí wọ́n tú nọ́ọ̀tì ìlé-atẹ́gùn tí olùṣe ẹ́ńjìnnì pèsè, kí wọ́n sì máa da kúláǹtì sí i díẹ̀díẹ̀ títí omi tí kò ní ìfófòó yóò fi máa jáde. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí ìdérí rédíétọ̀ tí ó gbóná, nítorí pé omi inú rẹ̀ wà lábẹ́ ìfúnpá tí kì í jẹ́ kí ó hó, ní kété tí ìdérí náà bá sì tú ni yóò hó tí yóò sì fọ́n sí ojú ẹni tí ó ṣí i.

Kúláǹtì kò dédé ń dínkù, a sì kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ẹni tí ń bu kúláǹtì kún ọkọ̀ lójoojúmọ́ kí hítà lè móoru ń tọ́jú èyí tí ó kéré nínú àìsàn ọkọ̀ náà. Òtútù fúnra rẹ̀ a máa dá ọgbẹ́ sílẹ̀, nítorí pé rọ́bà àti irin tí ó so ó pọ̀ kì í súnkì bákan náà, tí ọ̀pá rọ́bà tí kò jò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn yóò fi máa jò ní òwúrọ̀ tí ó bá tutù gan-an, tí yóò sì tún dáwọ́ jíjò dúró nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná. Èyí tí ó burú jù ni kí omi máa wọ inú sílíńdà láti ara tọ́ọ̀pù gáskẹ́ẹ̀tì tí ó jó, tàbí láti inú ẹ̀rọ tí ń mú èéfín tutù kí wọ́n tó dá a padà sí ẹ́ńjìnnì. Èéfín funfun tí ń rùn bí ohun dídùn, tàbí ìfófòó tí kò dáwọ́ dúró nínú ike kúláǹtì, ni àmì rẹ̀, ìyẹn sì ti kúrò ní ọ̀rọ̀ hítà. Bí òórùn dídùn náà bá sì jẹ́ inú ọkọ̀ ni ó ti ń wá, tí gíláàsì iwájú ń ní ìkúùkù tí ó yọ̀ bí ọ́ìlì, rédíétọ̀ kékeré ni ó lu. Májèlé ni kúláǹtì tí wọ́n fi ethylene glycol ṣe, adùn rẹ̀ sì ni ó fi ń pa ajá àti ọmọdé, nítorí náà a kì í fi èyí tí ó bá dà sílẹ̀ sílẹ̀ láìnù.

Bí a ti ń po kúláǹtì náà ṣe pàtàkì. Ìdajì omi àti ìdajì glycol kì í dì títí di ìwọ̀n bí 37 lábẹ́ òdo, bí glycol bá sì tó ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún, ó lè dé ìwọ̀n bí 50 lábẹ́ òdo. Ẹni tí ó bá rò pé bí ó bá ti pọ̀ tó ni yóò ti dára tó yóò yà á lẹ́nu láti gbọ́ pé glycol tí a kò fi omi là rárá a máa dì ní nǹkan bí ìwọ̀n 13 lábẹ́ òdo, àti pé kì í gbé ooru tó bí omi ti ń gbé e. Omi tí ń dì nínú ọ̀pá rọ́bà hítà kì í dì lẹ́ẹ̀kan náà. Ó kọ́kọ́ ń ki bí ẹ̀kọ ni, ìkikiki yìí sì ti tó láti dí rédíétọ̀ kékeré. Awò kékeré kan wà tí a ń kán ẹ̀kán kúláǹtì kan sí lójú, tí a sì ń wò sí ìmọ́lẹ̀, tí yóò fi ìwọ̀n tí omi náà yóò dì sí hàn. Òun ni ó yẹ kí a gbẹ́kẹ̀ lé, kì í ṣe àwọ̀ kúláǹtì, nítorí pé àwọn ilé iṣẹ́ kò fohùn ṣọ̀kan lórí ohun tí àwọ̀ ewé, àwọ̀ pupa tàbí àwọ̀ ọsàn dúró fún.

Lẹ́yìn èyí ni a tó dé ìdí ọ̀pá rọ́bà méjì tí ó wọ inú rédíétọ̀ kékeré, níbi tí ọwọ́ tàbí tẹ̀mómítà tí a ń nà sí nǹkan láìfọwọ́kàn án ti lè sọ púpọ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná tán tí hítà sì wà ní ṣíṣí dé òpin, ọ̀pá méjèèjì ní láti gbóná, kí èyí tí ń padà sì fi díẹ̀ tutù ju èyí tí ń lọ. Bí méjèèjì bá tutù, omi kò dé ibẹ̀ rárá, ó sì lè jẹ́ pé táàpù kékeré tí ó wà lára ẹ́ńjìnnì, èyí tí àwọn kan máa ń tì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ni ẹnikẹ́ni kò rántí láti ṣí. Ó yani lẹ́nu bí wọ́n ti ń náwó tó kí wọ́n tó wo táàpù náà. Ó sì lè jẹ́ atẹ́gùn ni ó dúró sójú ọ̀nà, tàbí kí abẹ̀bẹ̀ pọ́ǹpù omi ti jẹ débi pé kò lè ti omi dé òkè mọ́. Bí ọ̀kan bá gbóná tí èkejì sì tutù, omi ń dé ẹnu ọ̀nà ṣùgbọ́n kò rí ibi gbà kọjá, ìyẹn ni pé rédíétọ̀ kékeré ti dí.

Ohun tí ń dí i yẹ ní mímọ̀, nítorí pé ọwọ́ ènìyàn ni ó sábà ń ti wá. Oògùn tí wọ́n ń dà sí rédíétọ̀ láti dí ojú jíjò kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ihò tí ó yẹ kí ó dí àti ihò tín-ín-rín inú hítà. Kúláǹtì oríṣi méjì tí a pò pọ̀ lè ba ara wọn jẹ́, kí wọ́n sì dá pàǹtírí sílẹ̀. Àwọn ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì kan tún ń lo àfikún oògùn nínú kúláǹtì, tí ń dáàbò bo ara sílíńdà kí ìfófòó omi má baà gbẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n bí ẹni tí ń dà á kò bá wọn ọ́n, èyí tí ó bá pọ̀jù yóò rọlẹ̀ sí ibi tí omi ti ń rọra ṣàn, kò sì sí ibi tí omi ti ń rọra ṣàn tó inú hítà. Láti fọ̀ ọ́, wọ́n ń tú ọ̀pá méjèèjì, wọ́n sì ń fi omi tí kò le púpọ̀ sínú èyí tí omi ń gbà jáde tẹ́lẹ̀, kí ìdọ̀tí lè padà gba ibi tí ó gbà wọlé. Omi tí ó bá le jù yóò bẹ́ bàbà tàbí àlùmíníọ̀mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ náà. Ní ìgbà òtútù, wọ́n tún gbọ́dọ̀ fẹ́ omi ìfọ̀ náà dànù pátápátá kí ó má baà dì sínú ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe.

Bí ọ̀pá méjèèjì bá gbóná dáadáa tí atẹ́gùn tí ń jáde sì tutù, ìgbà yìí ni dáṣíbọ́ọ̀dù tó kàn. Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ kò gùn. Ilẹ̀kùn ike kan wà tí ń pín atẹ́gùn sí èyí tí yóò gba ara rédíétọ̀ kékeré kọjá àti èyí tí yóò yà á sílẹ̀, mọ́tò iná kékeré ni ó sì ń yí i. Bí eyín jíà mọ́tò náà bá ti kán, yóò máa dún ta-ta-ta nígbàkígbà tí wọ́n bá yí bọ́tìnnì, ilẹ̀kùn náà kò sì ní í kúrò lójú kan. Bí atẹ́gùn bá gbóná ṣùgbọ́n tí kò pọ̀, asẹ́ tí ń gba eruku ni kí wọ́n kọ́kọ́ yọ wò, pàápàá èyí tí ó wà ní ẹ̀yìn ìjókòó nínú ọkọ̀ tí ó ní ibùsùn, èyí tí àwọn kan kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà. Fáànù tí ń ṣiṣẹ́ ní ìpele tí ó ga jù nìkan sábà ń tọ́ka sí rẹsísítọ̀, ìyẹn ohun tí ń dín iná rẹ̀ kù ní àwọn ìpele yòókù. Bí ooru bá sì wà tí ẹsẹ̀ awakọ̀ ń tutù síbẹ̀, kí wọ́n wo rọ́bà ìdí jíà, ti ọ̀pá ìdarí àti ti ilẹ̀kùn, níbi tí afẹ́fẹ́ ìta ń gbà wọlé.

Ọkọ̀ tí gbogbo nǹkan rẹ̀ pé tún lè tutù nígbà tí ó bá dúró. Ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì tí kò ru ẹrù ń jó epo tí kò tó nǹkan, nítorí náà ooru rẹ̀ kéré, ó sì tún ń fa atẹ́gùn tútù púpọ̀ wọ inú sílíńdà, nítorí kò sí ohun tí ó ń dí ẹnu ọ̀nà atẹ́gùn rẹ̀ bí ti ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù. Bí ó bá dúró lórí yíyí 600 ní ìṣẹ́jú kan ní òtútù líle, géèjì lè máa sọ̀kalẹ̀ láìdáwọ́ dúró. Bí a bá gbé e sí nǹkan bí 1,000, ooru yóò sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n epo tí ń lọ yóò pọ̀ sí i, òfin California kò sì fàyè gba ju ìṣẹ́jú 5 lọ fún ọkọ̀ tí ó dúró lásán láìpa ẹ́ńjìnnì, àyàfi ní àwọn ipò díẹ̀. Ohun mìíràn tí ń jí ooru ni fáànù ńlá iwájú. Nínú ọ̀pọ̀ tírélà, klọ́ọ̀ṣì tí a ń fi atẹ́gùn bíréèkì darí ni ó ń so ó mọ́ ẹ́ńjìnnì, wọ́n sì ṣe é lọ́nà pé bí atẹ́gùn náà bá jò dànù, fáànù yóò máa yí láìdúró kí ẹ́ńjìnnì má baà jóná. Ààbò ni èyí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àdánù sì ni nígbà òtútù. Ariwo rẹ̀ kò farasin, ẹni tí ó bá gbọ́ ọ ní òwúrọ̀ tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù ti rí ẹ̀rí tí ó tó. Aṣọ nípọn tí àwọn awakọ̀ ń fi bo iwájú ọkọ̀ ń ṣe ìrànlọ́wọ́, bí ó bá ti ní ojú tí a ṣí sílẹ̀ láàárín, nítorí pé atẹ́gùn tí ń wọ ẹ́ńjìnnì láti ara tọ́bò náà ń fẹ́ ìtútù níbẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ká a kúrò nígbà tí òtútù bá rọlẹ̀.

Nítorí ìdúró àti oorun alẹ́ ni ọ̀pọ̀ fi ń ra hítà tí ó dá ní iná tirẹ̀, irú èyí tí àwọn ilé iṣẹ́ Webasto àti Eberspächer ti Jámánì ń ṣe. Dísẹ̀lì inú táǹkì ọkọ̀ ni ó ń jó, ọ̀kan tí ó kéré fún ibùsùn kì í sì í jó tó ìdámẹ́ta lítà ní wákàtí kan, nígbà tí ẹ́ńjìnnì tí ó dúró lásán ń jó nǹkan bí lítà 3. Ó ń fa afẹ́fẹ́ iná rẹ̀ láti ìta, ó sì ń tú èéfín rẹ̀ sí ìta, èyí tí sítóòfù gáàsì tí àwọn kan ń tàn nínú ọkọ̀ kò lè ṣe. Carbon monoxide tí irú sítóòfù bẹ́ẹ̀ ń tú jáde kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ó sì ń pa ènìyàn lójú oorun. Bí yìnyín bá dí ẹnu èéfín hítà náà lábẹ́ ọkọ̀, òun náà lè di ewu, nítorí náà aago tí ń kéde carbon monoxide kò yẹ kí ó wọ́n nínú iyàrá tí ènìyàn ń sùn sí.

Ṣùgbọ́n hítà ibùsùn kò lè rọ́pò èyí tí ó ti bàjẹ́. A kò ṣe é láti yọ yìnyín lára gíláàsì iwájú, kò sì ní ohun tí yóò ṣe fún omi yúríà, ìyẹn omi tí ọ̀pọ̀ tírélà Amẹ́ríkà láti ọdún 2010 ń fọ́n sínú èéfín láti dín ìdọ̀tí rẹ̀ kù, tí ó sì máa ń dì ní ìwọ̀n 11 lábẹ́ òdo. Kúláǹtì kan náà tí ń gbóná fún hítà ni wọ́n ń darí gba inú táǹkì omi yúríà yìí láti yọ́ ọ nínú púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ náà. Tírélà tí tẹ́mọ́sítáàtì rẹ̀ há sí ojú ṣíṣí lè sáré ní gbogbo òwúrọ̀ láti Fargo dé Bismarck láìjẹ́ pé yìnyín inú táǹkì náà yọ́ tán, kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í dín agbára ọkọ̀ kù, bí awakọ̀ tilẹ̀ ti wọ ẹ̀wù méjì tí ó sì ti gbà pé òun lè fara da òtútù náà.